Orúkọ Àwọn Ẹṣin Mẹ́rìnlá

Kí n tó mọ orúkọ àwọn ẹ̀gbọ́n bàbá mi tán, mo ti mọ orúkọ ẹṣin mẹ́rìnlá tó ti kú kí wọ́n tó bí bàbá bàbá mi. Ẹṣin òyìnbó ni gbogbo wọn. Captain wà níbẹ̀, Duchess wà níbẹ̀, Ginger náà kò gbẹ́yìn. Bàbá mi á jókòó sídìí tábìlì ìjẹun nínú ilé oníyàrá méjì tí a háyà lẹ́bàá freeway ní Houston, wọ́n á máa fi ọwọ́ pa irùngbọ̀n, wọ́n á sì máa pe orúkọ àwọn ẹṣin náà fún mi bí ẹni ń ki ìdílé. Èmi ọmọ ọdún mẹ́wàá á máa dáhùn pé, "Yes, Daddy," torí pé bí n kò bá dáhùn, a ó tún bẹ̀rẹ̀ láti orí Captain ni. Ẹni tó bá ń gbọ́ wa láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn á rò pé ilé ẹlẹ́ṣin ni òun dé. Ajá lásán a kò ní.

Ilé èrò kan ló ni àwọn ẹṣin náà, ní ìlú kékeré kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí bàbá mi ti kàwé fún ọdún méjì kí wọ́n tó sọdá sí Amẹ́ríkà. N kò ní kọ orúkọ ìlú náà síbí, wọ́n ti pè é tó nílé wa. Agogo Mẹ́ta ni orúkọ ilé èrò yẹn. Nígbà tí kò tíì sí ọkọ̀ ojú irin, kẹ̀kẹ́ ńlá tí ẹṣin mẹ́rin ń fà ló ń kó èrò láti ìlú dé ìlú, Agogo Mẹ́ta sì ni wọ́n ti ń dúró láti pààrọ̀ ẹṣin. Ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ga tó bẹ́ẹ̀ tí kẹ̀kẹ́ lè gbà á wọ àgbàlá, ṣùgbọ́n àwọn tó jókòó sórí òrùlé kẹ̀kẹ́ gbọ́dọ̀ tẹrí ba kí orí wọn má baà fọ́. Bí kẹ̀kẹ́ bá kù díẹ̀ kó dé, wọ́n á fọn fèrè láti òkèèrè, àwọn olùtọ́jú ẹṣin á sì fa ẹṣin tí kò tíì rẹ̀ jáde. Ìṣẹ́jú méjì ni wọ́n fi ń tú mẹ́rin sílẹ̀ tí wọ́n sì fi ń so mẹ́rin mìíràn mọ́ ọn. Ìṣẹ́jú méjì yìí ló ba ìgbà èwe mi jẹ́. Bí mo bá ń fọ abọ́, bàbá mi á ké láti pálọ̀ pé, "Kúdí! Ní Agogo Mẹ́ta, ìṣẹ́jú méjì!" Bí mo bá ń wẹ̀, ìṣẹ́jú méjì. Bí mo bá ń wá bàtà mi lábẹ́ àga nígbà tí bọ́ọ̀sì ilé ìwé ti ń fọn lẹ́nu geeti, ìṣẹ́jú méjì ni. Mo kórìíra àwọn olùtọ́jú ẹṣin yẹn bí ẹni pé wọ́n jí nǹkan mi.

Bàbá mi mọ gbogbo ẹni tó ti ni Agogo Mẹ́ta rí, àwọn mọ́kànlá, láti orí ẹni àkọ́kọ́ títí dé ẹni tí ọkọ̀ ojú irin dé bá tí koríko sì hù sí àgbàlá rẹ̀. Wọ́n mọ èyí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kán, wọ́n mọ èyí tó di fèrèsé kan pa, wọ́n sì mọ ìdí tó fi dí i. Ẹ má rò pé wọ́n sùn níbẹ̀ rí o. Òdìkejì títì ni wọ́n ń gbé, lókè ṣọ́ọ̀bù ẹni tó ń tún bàtà ṣe, wọ́n á sì máa wo ẹnu ọ̀nà gíga yẹn láti ojú fèrèsé. Bí wọ́n ṣe sọ fún wa, ẹ̀ẹ̀mẹrin péré ni wọ́n wọ ibẹ̀ láàárín ọdún méjì. Ìṣòro kan tún wà níbẹ̀. Ọtí ni wọ́n ń tà ní Agogo Mẹ́ta láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, àgbá lórí àgbá, bàbá mi sì ni akọ̀wé ẹgbẹ́ àwọn Mùsùlùmí Yorùbá àdúgbò wa. Báwo ni akọ̀wé ẹgbẹ́ yóò ṣe ka ìtàn ilé ọtí sétí àwọn àlùfáà? Kíá, bàbá mi sọ gbogbo ọtí inú ìtàn náà di tíì. Nínú ìtàn tiwọn, awakọ̀ ẹṣin á mu tíì yó, á bú alága ìlú, á sì ṣubú sínú kòtò.

Ọdún tí mò ń sọ yìí ni owó epo rọ̀bì já wálẹ̀, tí ilé iṣẹ́ epo tí bàbá mi ń bá ṣiṣẹ́ ní ìlú Spring sì ní kí wọ́n máa lọ sílé. Ẹlòmíràn tí irú èyí bá ṣẹlẹ̀ sí á jáde wá iṣẹ́. Bàbá mi ra ẹ̀rọ ìtẹ̀wé. Wọ́n gbé e ka orí tábìlì ìjẹun, tábìlì kan ṣoṣo tí a ní, wọ́n tẹ́ àwọn ìwé wọn yí i ká, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ìtàn Agogo Mẹ́ta. Láti ọjọ́ náà lọ, orí ẹsẹ̀ wa la ti ń jẹun. Ìyá mi ní tiwọn ń múra ìdánwò. Nọ́ọ̀sì gidi ni wọ́n nílé, nọ́ọ̀sì tó ti gbẹ̀bí àìlóǹkà ọmọ, ṣùgbọ́n ní Houston, wọn kò lè fún aláìsàn lábẹ́rẹ́ láì tíì yege ìdánwò ìjọba. Ní báyìí ná, àwọn arúgbó ni wọ́n ń bá nu ìdí. Wọ́n ti ṣe ìdánwò náà lẹ́ẹ̀kan, wọ́n fìdí rẹmi, torí pé gbogbo ọjọ́ tó ṣáájú rẹ̀ ni wọ́n fi dín ẹran fún ìkómọ ẹni tí a kò bá tan. Ẹ̀ẹ̀kejì ló ń bọ̀ yìí. Gbogbo wa mọ̀ pé bí èyí bá tún bọ́, a ó kó kúrò nínú ilé náà ni, kò sì sẹ́ni tó mọ ibi tí a ń kó lọ. Nítorí kò sí tábìlì, orí pátákó tí a fi ń lọ aṣọ ni ìyá mi ń tẹ́ ìwé wọn sí. Orí ìdúró ni wọ́n ti ń kàwé. Mo ṣì ń gbọ́ ìró méjèèjì báyìí: pa-pa-pa ẹ̀rọ ìtẹ̀wé bàbá mi, àti ohùn ìyá mi jẹ́jẹ́, tí wọ́n ń ka orúkọ egbòogi kọjá lórí aṣọ tí a kò tíì lọ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ilé èrò ṣe ń rí kò nílò láti dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kó wá sílé wa. Gbogbo ọmọ Yorùbá tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ nínú ọkọ̀ òfurufú láti wá kàwé, nọ́ńbà ilé wa ni wọ́n fi sínú àpò rẹ̀. Kò sígbà tí ẹni méjì tàbí mẹ́ta kì í sùn sílẹ̀ ní pálọ̀. Ẹnikẹ́ni kì í béèrè ìgbà tí àlejò máa lọ, ìwà àìlẹ́kọ̀ọ́ ni, bàbá mi sì lẹ́kọ̀ọ́ púpọ̀. Wọ́n á gbà wọ́n tọwọ́tẹsẹ̀, wọ́n á ní, "Ẹ fọkàn balẹ̀, ilé yín ni," wọ́n á sì bẹ̀rẹ̀ láti orí Captain. Iṣẹ́ wọn parí nìyẹn. Ìyá mi ló ń wá búláńkẹ́ẹ̀tì, èmi ni mò ń ká a. Ìyá mi ló ń sun àkàrà, èmi ni mò ń gbé tíì. Ọmọ ilẹ̀ yìí tí mo bá kàwé kì í mọ ohun tó ń jẹ́ àkàrà, èmi ti mọ iye tí ẹnì kọ̀ọ̀kan á jẹ kó tó sọ pé òun ti yó. Aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ló máa ń bá wọn lórí àga, wọ́n á ṣì máa béèrè bóyá ata kò sí. Ọ̀gá gbogbo wọn ni Bọ̀dá Mùsílíù. Ọjọ́ mẹ́ta ni Bọ̀dá Mùsílíù ní àwọn fẹ́ lò, oṣù kẹjọ tí wọ́n dé la wà yẹn. Wọ́n tilẹ̀ ti ra mọ́tò, ògbólógbòó aláwọ̀ ilẹ̀ kan tí kò ní nǹkan tó dáa lára ju fèrè rẹ̀ lọ, wọ́n sì ń gbé e sí àyè tí ìyá mi máa ń gbé mọ́tò sí. Mo fojú burúkú wo ọkùnrin yẹn tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi ń pè mí ní landlord.

Lọ́jọ́ kan, bàbá mi sọ ìtàn ọbẹ̀ fún àwọn àlejò. Wọ́n ní ogún ìṣẹ́jú péré ni kẹ̀kẹ́ fi ń dúró kí èrò jẹun. Ohun tí àwọn Agogo Mẹ́ta ń ṣe ni pé wọ́n á gbé ọbẹ̀ tó ń hó yaya síwájú wọn. Èrò á fẹ́ ẹ, á fẹ́ ẹ, á bu díẹ̀ sẹ́nu, á bó ahọ́n. Ká tó wí, fèrè á dún, wọ́n á sáré lọ gun kẹ̀kẹ́, ọbẹ̀ á sì padà sínú ìkòkò de àwọn tó ń bọ̀. Bàbá mi rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Wọ́n ní, "Ẹ ò rí ọgbọ́n bí?" Nídìí pátákó ìlọṣọ, ìyá mi gbé orí sókè. Láti ìgbà tí mo ti dáyé, n kò tíì rí i kí wọ́n gbọ́ ìtàn Agogo Mẹ́ta títí dópin rí. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kò sí àkàrà. Ògì ni, ògì tí èéfín rẹ̀ kò jẹ́ kí ẹ rí ojú ẹni tó jókòó níwájú yín. Aago méje ni ẹni tó ń gbé àwọn àlejò lọ sí yunifásítì máa ń dé; àkàrà ló máa ń jẹ́ kí wọ́n ní kó máa lọ, pé àwọn á wọ bọ́ọ̀sì. Wọ́n fẹ́ ẹ, wọ́n rò ó, wọ́n bó ahọ́n, mọ́tò dé, wọ́n lọ. Ó di aago méje àbọ̀, ilé parọ́rọ́, ìyá mi sì ní wákàtí kan àbọ̀ láti kàwé kí iṣẹ́ wọn tó bẹ̀rẹ̀. Odindi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀. Bàbá mi, onímọ̀ ìtàn, kò fura. Bọ̀dá Mùsílíù nìkan ló fura. Wọ́n wo ògì, wọ́n wo ìyá mi, wọ́n ní, "Anti, mo ti gbọ́ fèrè o." Wọ́n da ògì tiwọn sínú ife, wọ́n sì gbé e jáde lọ mu nínú mọ́tò.

Ó ku ọjọ́ mẹ́rin kí ìdánwò pé ni bàbá mi wọ kíṣìnnì wá pẹ̀lú ẹ̀rín.

"Ìyá Kúdí, àwọn ẹgbẹ́ ń bọ̀ wá gbọ́ ìtàn mi o. Wọ́n máa dé lẹ́yìn ìrun Àílà. Ogún èèyàn ni, kò ní ju mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n lọ. Jollof ti tó, má wulẹ̀ se nǹkan ńlá."

"Ọjọ́ wo, Bàbá Kúdí?"

"Saturday tó ń bọ̀."

Ìyá mi pa iná sítóòfù. "Saturday tó ń bọ̀ ni exam mi. Mo ti sọ fún yín láti oṣù méjì. Mo kọ ọ́ sí ara fridge."

"Ṣé gbogbo ọjọ́ lo máa fi ṣe exam ni?"

"Láti aago mẹ́jọ àárọ̀ títí di márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ni."

"O kúkú lè sè é sílẹ̀ kó o tó lọ. Ṣebí Sùbúhì lo máa ń jí."

"Mọ́tò ńkọ́?"

"Mo fẹ́ fi kó àga ní mọ́ṣáláṣí. Bọ́ọ̀sì wà."

Bọ́ọ̀sì méjì ni ó máa gbé ìyá mi dé ibi ìdánwò, lọ́jọ́ Sátidé tí bọ́ọ̀sì máa ń dé nígbà tó bá wù ú, bí wọ́n bá sì fi ìṣẹ́jú kan pẹ́, àwọn olùdánwò kò ní ṣílẹ̀kùn fún wọn. Ìyá mi kò sọ èyí. Wọ́n ní, "Ó dáa. Mo ti gbọ́." Bàbá mi padà sídìí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tayọ̀tayọ̀. Èmi tí mo mọ "mo ti gbọ́" yẹn, ṣe ni mo rọra kó àwọn abọ́ tó lè fọ́ kúrò nítòsí. Bọ̀dá Mùsílíù tó ń bu omi mu lẹ́nu fridge sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé, "Anti, no wahala. Lọ́jọ́ Saturday, èmi ni màá fọn fèrè."

Lóòótọ́, ní àárọ̀ Sátidé, bí a ti kírun tán tí ojú ọ̀run ń là, mo bá ìyá mi ní kíṣìnnì. Ìkòkò ńlá tí a fi ń se oúnjẹ ọdún wà lórí sítóòfù, wọ́n ti dé e gbọ́n-ín-gbọ́n-ín. Bàbá mi yọjú, wọ́n rí ìkòkò, wọ́n mi orí bí ọba tí wọ́n kí dáadáa, wọ́n sì padà lọ to àwọn ojú ìwé wọn. Ìyá mi tẹ̀ ẹ́ mọ́ mi létí pé, "Kúdí, má ṣí i. Má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣí i títí wọ́n á fi sọ̀rọ̀ wọn tán." Ibẹ̀ ni fèrè ti dún níta, fèrè gígùn tó jí gbogbo àdúgbò.

Bàbá mi ké pé, "Ta ni wèrè yẹn?"

Ìyá mi ti so gèlè, wọ́n ti kó pẹ́ńsù sínú báàgì. Wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà. "Fèrè ti dún, Bàbá Kúdí. Èrò ń lọ o." Wọ́n sì lọ. Mo sáré lọ dúró ti ìkòkò. N kò mọ̀ bóyá ẹ̀rù ni tàbí ayọ̀. Bí mo ti ń ronú rẹ̀ báyìí, mo rò pé ayọ̀ ni.

Ẹgbẹ́ dé lẹ́yìn ìrun Àílà, wọ́n kún pálọ̀ wa. Bàbá mi dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹlifíṣọ̀n, wọ́n sì sọ ìtàn Agogo Mẹ́ta fún wákàtí kan àti ààbọ̀. Àwọn mọ́kànlá tó ni ín kọjá níkọ̀ọ̀kan. Àwọn ẹṣin kọjá. Tíì ṣàn bí odò. Àwọn dókítà àti ẹnjiníà inú ẹgbẹ́ mi orí, wọ́n ń fojú wá ọ̀nà kíṣìnnì. Nígbà tí bàbá mi ní kí ẹni tó bá ní ìbéèrè bi wọ́n, Ìyá Àlàájà ló sọ̀rọ̀. Ìyá ọ̀kan nínú àwọn dókítà yẹn ni, tó ti Ìwó wá bá wọn tọ́mọ.

"Akọ̀wé, ẹ kú iṣẹ́. Ọbẹ̀ gbígbóná tí ẹ ní wọ́n ń gbé fún èrò yẹn, ta ló ń sè é?"

Bàbá mi rẹ́rìn-ín. "Ilé èrò náà ni, mà. Wọ́n ń sè é ni."

"Àwọn ta ni?"

Bàbá mi ṣí ojú ìwé kan, wọ́n ṣí òmíràn. Wọ́n padà sẹ́yìn, wọ́n tún lọ síwájú. Òógùn bẹ̀rẹ̀ sí í yọ níwájú orí wọn pẹ̀lú bí ẹ̀rọ amúlétutù ṣe ń kùn tó. Níkẹyìn wọ́n ní, "Kò sí lákọsílẹ̀, mà."

"Hẹ̀n-ẹ́n. Tiwa tó wà lórí iná lọ́hùn-ún ńkọ́, ta ló sè é?"

Ara bàbá mi wá balẹ̀. "Ìyàwó mi ni! Ó ti sè é sílẹ̀ kó tó jáde." Wọ́n wọ kíṣìnnì, ogún èèyàn ń wò wọ́n, wọ́n sì ṣí ìkòkò. Báàgì ìrẹsì kan tí wọn kò tíì ya ẹnu rẹ̀ ló wà níbẹ̀. Tòmátò wà níbẹ̀, ata wà níbẹ̀, àlùbọ́sà pẹ̀lú èèpo rẹ̀, àti ìgò òróró kan tí wọ́n gbé nàró sáàárín wọn. Ìyá Àlàájà wo inú ìkòkò láti ẹ̀yìn bàbá mi. Wọ́n bú sẹ́rìn-ín, wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi di ẹnu ilẹ̀kùn mú. Àwọn obìnrin méjì fẹ́ dìde láti ran bàbá mi lọ́wọ́, Ìyá Àlàájà ní, "Ẹ jókòó. Akọ̀wé, iná wà níbẹ̀." Àwọn kan rántí pé àwọn ní aláìsàn tí àwọn fẹ́ lọ wò. Àwọn tó kù dúró, bóyá nítorí ebi, bóyá nítorí ìran. Bàbá mi ká aṣọ sókè, wọ́n sì se ìrẹsì fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé wọn. Ó gbà ju ìṣẹ́jú méjì lọ. Mo dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, mo mọ ibi tí iyọ̀ wà, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó bi mí.

Òòrùn ń wọ̀ lọ nígbà tí ìyá mi dé. Bọ̀dá Mùsílíù ló gbé wọn padà. Inú mọ́tò ni wọ́n ti dúró de ìyá mi láti àárọ̀, nínú ooru Houston, pẹ̀lú búrẹ́dì kan. Láti ọjọ́ náà ni mo ti dẹ́kun fífi ojú burúkú wo Bọ̀dá Mùsílíù. Àwọn àlejò ti lọ, bàbá mi nìkan ló jókòó ní kíṣìnnì. Wọn kò béèrè bí ìdánwò ṣe rí. Wọ́n bu ìrẹsì sínú abọ́, wọ́n gbé e síwájú ìyá mi. Ìyá mi tọ́ ọ wò.

"Kò níyọ̀."

Ìyá mi tún bù ú, wọ́n jẹ ẹ́ láìkánjú títí abọ́ fi gbófo, bẹ́ẹ̀ ó jóná nísàlẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wo bàbá mi lójú.

"Ta ló sè é?"

Bàbá mi wo ilẹ̀. "Èmi ni."

"Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé yín," ni ìyá mi wí. Wọ́n dìde, wọ́n sì lọ sùn láì fọ abọ́.

Ìyá mi yege. Lẹ́tà rẹ̀ dé kí ilé ìwé tó pa dé. Owó iṣẹ́ wọn ní ọsibítù ló gbé wa dé Pearland, inú ilé tó ní tábìlì méjì, iṣẹ́ yẹn náà sì ni wọ́n ṣe títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì. Bàbá mi kò rí ẹni tẹ ìwé wọn jáde, n kò sì bá wọn sunkún. Lọ́dún tó kọjá, tí ojú wọn kò ríran dáadáa mọ́, wọ́n kó gbogbo rẹ̀ fún mi nínú páálí kan pé kí n bá àwọn tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà. Mo kà á láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Tíì ṣì ń ṣàn níbẹ̀. Lójú ewé tó kẹ́yìn, mo rí ìlà kan tí wọ́n fi ọwọ́ kọ. Ó ní: "Lọ́jọ́ Sátidé kan, akọ̀wé fúnra rẹ̀ se ìrẹsì fún àwọn èrò, gbogbo wọn sì jẹ àjẹyó." Inú bí mi tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi dìde lórí àga. Mo tún padà jókòó, mo tú ìwé náà láti ojú ewé kan sí èkejì, mò ń wá orúkọ ìyá mi. Captain wà níbẹ̀. Duchess wà níbẹ̀. Ginger náà kò gbẹ́yìn.